Gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó ra ọ̀nínì, tọ́rọ́ àti ṣílè àtijọ́

Àbẹ̀kẹ́Leeds kọ:

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Ìyá mi máa pé ẹni àádọ́rin ọdún lóṣù kọkànlá. Mo fẹ́ kó gbogbo owó onírin tí wọ́n ná ní kékeré wọn jọ sínú àpótí kan fún wọn: ọ̀nínì (ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀), ẹ́pìnnì (ààbọ̀ kọ́bọ̀), kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́ (kọ́bọ̀ mẹ́ta), sísì (kọ́bọ̀ mẹ́fà), ṣílè (kọ́bọ̀ méjìlá), títí dé ṣílè méjì. Àkàrà ni ìyá tó bí wọn ń tà n'Ìbàdàn, wọ́n sì máa ń sọ fún wa bí màmá yẹn ṣe ń fi òwú sín kọ́bọ̀ oníhò, tí á so ó mọ́ ìdí ìró kó má baà jábọ́.

Mi ò ra nǹkan ní gbàǹjo rí. Mo yẹ eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, wò lánàá, mo rí méjì tó wù mí. Èkíní ni ṣílè 1936. Ẹni tó ń tà á kọ ọ́ sí i pé fàdákà ni, £45 ló pè é. Èkejì ni kọ́bọ̀ oníhò 1936 tó ní orúkọ Ọba Edward Kẹjọ lára, wọ́n ní kò wọ́pọ̀ rárá, £150. Ṣé kí n rà wọ́n?


Ẹlẹ́yọOwó kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan.

Ṣílè 1936 kì í ṣe fàdákà. Kò lè jẹ́ fàdákà. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kó owó yìí jọ ní Lọ́ndọ̀n, ẹ̀tàn yìí ni mo sì ń bá pàdé jù. Ní 1912 ni wọ́n dá West African Currency Board sílẹ̀ níbí láti máa ṣe owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Láti 1913, tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì wọn jẹ́ fàdákà gidi, ìdá 92.5 nínú 100, irú èyí tí àwọn òyìnbó fúnra wọn ń ná nígbà náà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní fi máa parí, fàdákà ti wọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Ní 1920, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n bọ́ sórí idẹ tí wọ́n po tánganran mọ́. Látìgbà náà wá, kò sí ṣílè tiwa kankan tó tún jẹ́ fàdákà. 1920 nìkan ló lè da èèyàn láàmú, torí ti fàdákà wà, ti idẹ náà wà. Bí ẹ bá rí 1925, 1936 tàbí 1947 tó funfun báláú, wọ́n ti fi nǹkan rẹ́ ẹ lára ni.

Ti Edward Kẹjọ ńkọ́? Ìtàn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ó gorí oyè lóṣù kìíní 1936, ó sì fi oyè sílẹ̀ lóṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, kí owó tó ní àwòrán orí rẹ̀ tó dé ọwọ́ aráàlú nílùú òyìnbó. Owó oníhò tiwa ní tirẹ̀ kò nílò orí ọba. Ihò ló wà láàárín, adé wà lókè rẹ̀, wọ́n kàn kọ orúkọ ọba yí i ká ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nínì, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ tiwa fi ní orúkọ rẹ̀ nígbà tí owó àwọn ará Lọ́ndọ̀n kò ní in. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ni wọ́n ṣe. Èmi ra kọ́bọ̀ kan tó ṣì ń dán, £4 ni. Ẹni tó ń pè é ní £150 ń wá ẹni tí kò mọ̀ ni.


Àbẹ̀kẹ́Leeds kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fẹ́ san owó ṣílè yẹn lálẹ́ àná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Báwo ni mo ṣe lè mọ iye tó yẹ fúnra mi, láìjẹ́ pé mò ń da ẹ̀yin láàmú lórí gbogbo rẹ̀?


ỌmọÒṣogbo kọ:

Ẹ má wo iye tí wọ́n ń pè é. Iye tí wọ́n ti tà á ni kí ẹ wò. Lórí eBay, ẹ wá owó tí ẹ ń fẹ́, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣa àwọn ọjà, ẹ tẹ "Sold items". Gbogbo èyí tí wọ́n ti rà lẹ́nu àádọ́rùn-ún ọjọ́ yóò jáde pẹ̀lú iye wọn. Ẹ ka bíi mẹ́wàá, ẹ yọ èyí tó wọ́n jù àti èyí tó pọ́ọ́kú jù kúrò, ẹ ó rí ibi tí ọjà dúró sí.

Fún èyí tó níye lórí díẹ̀, ẹ wo àkọsílẹ̀ gbàǹjo ti Noonans ní Lọ́ndọ̀n tàbí ti Heritage ní Amẹ́ríkà, iye tí wọ́n tà á wà níbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò. Numista, ojú ìkànnì àwọn tó ń kó owó jọ, náà dára, ọ̀fẹ́ ni. Ìwọ̀n, fífẹ̀, irú irin àti gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣe owó kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni mo máa ń ṣí i kí n tó ṣí eBay rárá.


Àbẹ̀kẹ́Leeds kọ:

Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rí sísì 1913 kan tó wà ní £5. Mo fi £8 lé e, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ní ẹlòmíì ti borí mi. Mo fi £10, ó tún borí mi. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé ẹnì kan jókòó ti èmi nìkan ni?


AdéWoodGreen kọ:

Kò sẹ́ni tó jókòó tì yín, ẹ̀rọ ni. Ẹni yẹn ti sọ òpin owó rẹ̀ fún eBay, eBay ló ń bá a ná an. Bí àpẹẹrẹ, bí ọjà bá wà ní £5, tí ẹ sọ pé òpin tiyín ni £20, tí ẹlòmíì sì ti ní £12 òun kò ní í kọjá ẹ̀, £12.50 ló máa gbé síta ní orúkọ yín. Kò ní í gba £20 lọ́wọ́ yín àfi tí ẹlòmíì bá ti yín débẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ ṣe ń fi £8, £10 lé e yẹn, ṣe lẹ kàn ń bá àwọn tó ń tà á gbé owó náà ga.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo máa wo iye tí wọ́n ti tà á, mo máa kọ òpin owó mi sórí ìwé, mo á fi owó póòsì kún un. Lẹ́yìn náà mo máa dúró. Bó bá ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó parí, mo máa fi òpin owó yẹn lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. eBay kì í sún àkókò síwájú, ìyẹn ni pé ẹni tó ń fowó kún owó kò ní ráàyè gbèrò mọ́. Bí mo bá pàdánù rẹ̀, ó ti wọ́n kọjá agbára mi nìyẹn, òmíràn ń bọ̀.

Mo kọ́ èyí lọ́nà tó dùn mí. Ní 2019, ìyàwó mi ti sùn, èmi àti ẹnì kan kọjú síra wa lórí ṣílè méjì 1914 kan, mo ń sọ pé n kò ní gbà kó lọ. £62 ni mo rà á. Lẹ́yìn oṣù kan mo rí irú rẹ̀ gan-an, ó dára ju tèmi lọ, £18. Owó bàtà ọmọ wa ni mo fi rà á. Ẹ kọ òpin owó yín sílẹ̀ kí ojú yín tó rí ọjà.


Ẹlẹ́yọOwó kọ:

Òótọ́ ni Adé sọ. Àfikún kan: ilé gbàǹjo gidi kò rí bí eBay. Òòlù lè balẹ̀ ní £100, kó má jẹ́ £100 lẹ máa san. Làádà wà, ìyẹn owó tí ilé gbàǹjo ń gbà lórí ohun tí ẹ rà. Ká ní ìdá 24 nínú 100 ni, ìyẹn £24. Owó orí ìjọba, ìdá 20, wà lórí làádà náà, ó di £28.80. Bí ẹ bá tún gba ojú ìkànnì ẹlòmíì wọlé síbẹ̀, wọ́n lè bu díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà póòsì. Ẹ ti ń sún mọ́ £140 kí ẹ tó mọ̀. Ẹ ka ìlànà wọn kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì ka iye náà sẹ́yìn: tí £100 bá ni gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi ju £70 lé e.


ỌmọAlágbẹ̀dẹ kọ:

Iṣẹ́ wúrà àti fàdákà ni ilé wa ń ṣe l'Ábẹ́òkúta láti ìgbà bàbá bàbá mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti fọ́tò àti ti ìwọ̀n.

Fọ́tò tí wọ́n tan iná sí bí ọ̀sán gangan máa ń bo ara owó. Ẹ ní kí wọ́n ya òmíràn fún yín, kí wọ́n dá owó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí iná gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bí ojú rẹ̀ bá ní ìlà wẹ́wẹ́ tó tò ní ọ̀nà kan náà, wọ́n ti fi nǹkan gbo ó. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn kí owó máa dán. Ọsàn wẹ́wẹ́, eérú, yanrìn, ọṣẹ ìfọṣọ, gbogbo rẹ̀ ni mo ti rí. Ẹni tó bá gbo ṣílè 1913 kó lè dán ti pa ìdajì iye rẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdọ̀tí dúdú ara fàdákà yẹn, ọjọ́ orí ló kó o wá, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ wo etí owó náà lókè orí, àti òdìkejì rẹ̀. Àwọn ìyá wa máa ń fi ṣílè àti sísì fàdákà ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Àwọn bàbá mi ló ń jó o mọ́ ọn. Bí wọ́n bá yọ okùn rẹ̀ kúrò, àpá jíjó yóò wà níbẹ̀. Ẹlòmíì á di ihò tí wọ́n ti lu, yóò sì ya fọ́tò kó má hàn. Kò burú láti ra irú rẹ̀ (èmi fẹ́ràn wọn, ọwọ́ èèyàn wa wà lára wọn), ṣùgbọ́n kí wọ́n tà á ní iye tó bá owó tó ti lápàá mu.

Nípa ìwọ̀n: ṣílè méjì fàdákà gbọ́dọ̀ wọn gíráàmù 11.31, ṣílè 5.65, sísì 2.83, tọ́rọ́ 1.41. Ẹ rí i pé ìdajì-ìdajì ni wọ́n ń lọ. Èyí tó ti gbó á dín díẹ̀, kò ní lé. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé mélòó ló wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bó bá dé ọwọ́ yín, ẹ fi òòfà kàn án, fàdákà kì í lẹ̀ mọ́ òòfà, idẹ náà kì í sì í lẹ̀, nítorí náà irin tí wọ́n fi fàdákà bò nìkan ni òòfà máa tú fó. Fún idẹ tí wọ́n fi nǹkan funfun rẹ́ lára, ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù dé 0.01, ẹ sọ ọ́ di òdo, ẹ fi òwú so owó náà, ẹ rì í sínú omi láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀. Ṣílè méjì fàdákà yóò mú òṣùwọ̀n ka nǹkan bíi 1.09. Idẹ tó wọn bákan náà yóò ka 1.3 àti díẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré.


MàmáHouston kọ:

Ọmọ mi Àbẹ̀kẹ́, mo ka gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ó dára. Ẹni ọdún 78 ni mí, mo ná owó yẹn. Má ra èyí tó ń dán. Ìyá rẹ kò fọwọ́ kan owó tó ń dán rí. Tọ́rọ́ tí wọ́n fi rán wa lọ ra iyọ̀ ti kọjá lọ́wọ́ alápatà, ẹlẹ́pọ àti awakọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, orí ọba ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Èyí tó gbó ló máa mọ̀ nígbà tó bá fi àtàǹpàkò pa á. Owó rẹ̀ kò sì ní í wọ́n ọ.

Wá sísì Nàìjíríà ti 1959 mọ́ ọn. Èso kòkó ló wà lára rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ wọ ilé ìwé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni wọ́n ń fún un.


Àbẹ̀kẹ́Leeds kọ:

Màmá, ẹ ti pa mí lẹ́kún. Ẹ ṣé, ẹ ṣé.


SlabKing_NG kọ:

Ẹ jọ̀wọ́, èmi kò fara mọ́ èyí. Èyí tí PCGS tàbí NGC, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ owó wò, ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì ti dì sínú ike ni kí ẹ rà. Wọ́n ti fún un ní máàkì láti 1 dé 70, ẹ kò ní máa rò ó mọ́.


Ẹlẹ́yọOwó kọ:

Fún owó £300 sókè, mo gbà. Síbẹ̀, àwọn kan ń ṣe ayédèrú ike náà pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sí ojú ìkànnì PCGS tàbí NGC, kí ẹ fi fọ́tò tó wà níbẹ̀ wé ti ọwọ́ yín, ìlà sí ìlà. Ẹ wo ike, ẹ tún wo owó. Fún kọ́bọ̀ £4, iye tí ike máa ná yín á ju iye kọ́bọ̀ náà lọ fíìfíì. Ìyá tó fẹ́ fọwọ́ pa owó kò sì lè fọwọ́ pa á nínú ike.


Tẹ̀míIlọrin kọ:

Ẹ dákun, mo fẹ́ béèrè. Wọ́n ní àwọn kan ń ra ½ kọ́bọ̀ 1973 ní mílíọ̀nù méjì náírà lórí Facebook. Bàbá wa ní márùn-ún nínú àpótí. Ẹni tó fẹ́ rà á ní kí a kọ́kọ́ san ₦35,000 fún ìwé ẹ̀rí. Ṣé òótọ́ ni?


AdéWoodGreen kọ:

ÈRÚ NI. Ẹ má san án. Ẹ má fún wọn ní nọ́ńbà báǹkì bàbá. Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ yín, òun ló ń sanwó.


Ẹlẹ́yọOwó kọ:

Tẹ̀mí, mo fẹ́ kí ẹ ka èyí fún bàbá sétígbọ̀ọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni a bọ́ sórí náírà, ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, pọ́n-ùn kan di méjì. Wọ́n ṣe ½, 1, 5, 10 àti 25 kọ́bọ̀. Ti ½ kọ́bọ̀, ọdún yẹn nìkan ló ní lára, lóòótọ́. Ohun tí àwọn onírọ́ ń gbé kiri nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, ẹ lè rí i rà ní pọ́n-ùn díẹ̀ lónìí. Ẹ lọ wo "Sold items" tí ỌmọÒṣogbo sọ, ẹ fi ojú ara yín rí i. Àǹtí mi kan san irú owó ìwé ẹ̀rí yẹn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sọ fún wa. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó tètè sọ ọ́, ìtìjú yẹn gan-an ni wọ́n fi ń jẹ èèyàn. Ẹ bá bàbá jókòó, ẹ má bínú sí wọn.


Tẹ̀míIlọrin kọ:

Mo ti kà á fún wọn. Wọ́n ti pa nọ́ńbà ẹni náà rẹ́. Ọlọ́run á bùkún yín.


ỌmọÒṣogbo kọ:

Nígbà tí a wà lórí ẹ̀tàn: owó Biafra ti 1969, ẹ ṣọ́ra. Alumíníọ̀mù ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ayédèrú rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má rà á àfi lọ́wọ́ onísòwò tó máa gbà á padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó fàdákà ńlá ilẹ̀ Austria tí wọ́n ń pè ní Maria Theresa, tí ọdún 1780 wà lára rẹ̀. 1780 ni wọ́n ń kọ sí gbogbo rẹ̀ títí dòní, ó sì lè jẹ́ ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní "owó igba ọdún".


AdéWoodGreen kọ:

Kí n má gbàgbé: bí ẹni tó ń tà á bá ní kí ẹ jẹ́ ká kúrò lórí eBay, kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí báǹkì òun kí ó lè dín in kù fún yín, ẹ sá. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá sanwó nínú eBay, ọgbọ̀n ọjọ́ wà lẹ́yìn tí ọjà bá dé láti sọ pé kò rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, owó yín á padà. Ẹ ya fídíò nígbà tí ẹ bá ń ṣí àpò náà, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má fi sínú ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bíi rọ́bà tuntun, á mú kí owó hu nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀. Páálí pẹlẹbẹ tó ní ojú Mylar (irú ọ̀rá kan tí kì í ba owó jẹ́) ni kí ẹ rà.


Àbẹ̀kẹ́Leeds kọ:

Ẹ káalẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ méje rèé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo bá a dé.

Mo fi ṣílè 1936 yẹn sílẹ̀. Mo rí ṣílè 1913 kan tó ti gbó, mo kọ £14 sórí ìwé, mo rà á ní £11.50. Ó wọn gíráàmù 5.52, omi náà sọ pé fàdákà ni. Kọ́bọ̀ Edward, £3. Sísì 1959 oníkòkó kan, £2.20. Tọ́rọ́ 1959 náà ti dé, àwòrán òwú ló wà lára rẹ̀, igun méjìlá ló ní, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ́pìnnì àti ṣílè méjì wà lọ́nà. Mo pàdánù sísì méjì, mi ò tẹ̀ lé wọn. Ọ̀kan dé £31!

Mo fi fídíò pe ìyá mi lánàá, mo gbé kọ́bọ̀ oníhò kan síwájú fóònù láì sọ ìdí. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Gba òwú bọ̀ ọ́." Mo gba òwú bọ̀ ọ́. Wọ́n wá ń sọ iye àkàrà tí kọ́bọ̀ kan ń rà, mo ní kí wọ́n dúró kí n mú bírò.

Ọ̀nínì ló kù. Ti alumíníọ̀mù, 1908, ó wà lórí eBay báyìí, £9 ló dé, ó máa parí lálẹ́ Sunday ní agogo mẹ́jọ. Ihò rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ bọ́ sáàárín nínú fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́yọOwó, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, àbí kí n ní kí wọ́n ya òmíràn?


Ẹlẹ́yọOwó kọ:

Ẹ ní kí wọ́n ya ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Alumíníọ̀mù fúyẹ́ gan-an, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé nǹkan wà lọ́wọ́ yín. Mo máa wà lórí ayélujára ní agogo méje ààbọ̀ lọ́jọ́ Sunday. Ẹ fi fọ́tò náà síbí kó tó di àkókò yẹn.